Wọ́n Ní Àbúrò Mi Kọ Àmín

Ẹ̀yin ará mi ní Ìkọ̀lé, inú ń bí mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà ka ọ̀rọ̀ yìí dé àárín kẹ́ ẹ tó máa béèrè pé kí ló ń ṣe Ìyá Tíṣà. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lẹ ti ń bi mí pé báwo ni Abẹ́òkúta ṣe rí, ṣé mo gun Olúmọ, ṣé mo ra àdìrẹ bọ̀. Mi ò gun nǹkan kan. Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi gùn ún? Àbúrò mi ni mo lọ wò, ohun tí ojú mi rí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ rò fún yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ àdúrà ni. Ẹ̀yin lẹ fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn sí ipò náà ná. Bẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ ó mọ ìdí.

Dúpẹ́ nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá mi. Ẹ̀gbá ló fẹ́, ọkọ ti kú, ó sì ń gbé nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìgbẹ̀ìn pẹ̀lú Tọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ránṣọ. Nígbà òjò tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì pòórá lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń pè é lórí fóònù. Tọ́lá á gbé e sí i létí, èmi á ní, "Dúpẹ́, mò ń gbàdúrà fún ọ o," màá pa fóònù, màá sì padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ní oṣù tó kọjá ni Tọ́lá pè mí. Ó ní àwọn aládùúrà kan láti Àdìgbẹ tó ń wá wo ìyá òun sọ pé ẹ̀mí kan wà nínú rẹ̀ tó ń kọ àdúrà, pé bí àwọn bá gbàdúrà tán, dípò kó ṣe àmín, rárá ló ń sọ. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí orí òkè àdúrà wọn fún ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje. "Mọ́mì Ìkọ̀lé, kí ni kí n ṣe?" Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ní, "Ẹ gbé e lọ." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, mi ò tilẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí, kí wọ́n lè gbé e níṣojú mi.

Nínú ọkọ̀

Kí ọkọ̀ wa tó kúrò ní gáréèjì, obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà dìde, ó ní ká di ojú wa. Ẹ mọ irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Ó bá táyà wí, ó bá búrékì wí, ó bá àwọn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lójú títì wí, gbogbo wa sì ń pariwo "Àmín!" bí ẹni pé ẹni tí tirẹ̀ bá rọlẹ̀ ló máa gbé ọkọ̀ náà ṣubú. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí kò la ẹnu. Obìnrin náà dá àdúrà dúró, ó nàka sí i.

"Brother, ẹ ò ṣe àmín. Ṣé ẹ̀yin ò bá wa lọ ni?"

Gbogbo ọkọ̀ yíjú sí i. Èmi náà yíjú, mo sì fojú burúkú wò ó. Ọkùnrin náà yọ nǹkan létí, ó ní orin lòun ń gbọ́, ká má bínú. Ó wá ṣe àmín mẹ́ta léraléra láti fi dí àwọn tó ti kọjá. A rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì ṣí.

Mo ń rò yìí fún yín kẹ́ ẹ má baà rò pé èmi yàtọ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin tó gbàdúrà ti sùn, tó ń hanrun. Títí a fi kọjá Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó tún rántí Ọlọ́run àfi ìgbà tí dẹ́rẹ́bà bá ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀ lójijì. Òróró ìyàsímímọ́ ìgò méjì wà nínú báàgì mi, èyí tí mo fẹ́ kó fún àwọn ará Àdìgbẹ. Ọkàn mi balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ń lọ ṣe rere.

Ìgbẹ̀ìn

Àwọn Ẹ̀gbá mọ èèyàn kí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó máa bínú. Nígbà tí mo dé àdúgbò wọn, bàbá arúgbó kan jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀nà ti rẹ̀ mí, ẹnu mi sì ti padà sí ti ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a bá ń sọ Èkìtì wa láàárín ara wa, a kì í fi 'ẹ' da ara wa láàmú. Mo ní, "Bàbá, ǹjẹ́ o mọ ilé Ìyá Tọ́lá?"

Bàbá gbé ojú sókè. "Èmi lẹ ń pè ní 'o' yẹn?"

"Háà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Èkìtì ni mí."

"Èkìtì!" Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ó tán. Ẹ máa pè mí ní 'o' lọ, ẹ ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é."

Ó dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tá a bá pàdé ló ń sọ fún pé, "Àlejò Èkìtì ni o, ẹ kí i, ṣùgbọ́n ẹ má retí 'ẹ' lẹ́nu ẹ̀." Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú ewu ọ̀nà, wọ́n kí mi kú àárẹ̀. Ìyá kan tí mi ò rí rí láyé mi kí mi kú àtijọ́. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn.

Inú dídùn yẹn parí nígbà tí mo wọ yàrá. Dúpẹ́ jókòó sórí àga onírọ̀rí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀. Bó ṣe rí mi, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní, "Ra-ra-ra." Mi ò ní fi àmì ohùn sí i báyìí, nítorí pé lọ́jọ́ yẹn mi ò gbọ́ ohùn kankan. 'Ra' nìkan ni mo gbọ́. Mo dì mọ́ ọn, mo ní, "Má sọ̀rọ̀, Dúpẹ́, má sọ̀rọ̀." Ẹ wo ohun tí mo sọ fún ẹni tó ti ń wá ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà òjò!

Wọ́n gbé láfún fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èmi àti iyán, ẹ ó bá mi kẹ́dùn. Ó funfun, ó rọ̀, ó ń yọ́ bọ́ lọ́nà ọ̀fun kí n tó pinnu pé mo fẹ́ gbé e mì. Mo ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni Tọ́lá jókòó tì mí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ti rù.

"Mọ́mì Ìkọ̀lé, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún Mọ́mì mi. Mo bá gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n á ní rárá. Mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, rárá. Mo fẹ́ wẹ̀ wọ́n, rárá. Àwọn ẹlòmíì ń wọlé, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn. Èmi nìkan ni. Ó dà bíi pé wọn ò fẹ́ rí mi mọ́."

Mo ní ẹ̀mí burúkú ni, pé kì í ṣe ìyá rẹ̀. Mo rò pé ìtùnú ni mò ń fún un.

Àwọn ará Àdìgbẹ

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni wọ́n dé, obìnrin mẹ́rin. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pe olórí wọn, obìnrin tó ga, tí ohùn rẹ̀ kún yàrá kó tó wọlé tán. Wọ́n kí Tọ́lá. Wọ́n kí mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gba òróró lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọpẹ́. Wọn ò kí Dúpẹ́. Mo rí i, ẹ̀yin ará mi, mo sì fojú fò ó.

Wọ́n dúró lé e lórí. "Gbogbo ohun tó di ẹnu ìránṣẹ́bìnrin Ọlọ́run yìí, mo tú u! Ṣe àmín!"

Dúpẹ́ ní, "Ra-ra."

"Ẹ gbọ́ ọ! Rárá!" Ìyá Àdúrà yíjú sí mi. "Mama, ẹ ti fi etí ara yín gbọ́." Ó tún kọjú sí i. "Ìwọ tó ń sọ rárá nínú ẹ̀, ta ni ọ́? Dárúkọ ara rẹ!"

Dúpẹ́ ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó ń fi lu àyà ara rẹ̀: òun ni, òun ni. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fò sẹ́yìn. "Ó jẹ́wọ́! Ó ní òun wà nínú ibẹ̀!"

Obìnrin kan ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un sọ pé èmi Dúpẹ́ rèé, wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ló jẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n ń bá ẹ̀mí sọ̀rọ̀, wọn ò bá Dúpẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, mo dúró síbẹ̀, mo ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní Sátidé làwọn ń bọ̀ wá gbé e. Kò ní jẹun, kò ní mumi. Tọ́lá béèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, nítorí pé dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ìyá Àdúrà ní, "Oògùn kẹ̀? Bí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, ẹ gbẹ́kẹ̀ lé e tán." Tọ́lá wojú mi. Mo gbé ojú kúrò.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé àwọn ará Àdìgbẹ nìkan ni mò ń bá wí, ṣọ́ọ̀ṣì tí Dúpẹ́ ti ń lọ láti ọjọ́ tó ti relé ọkọ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn aláìsàn. Ọjọ́ Àìkú gbogbo ni wọ́n ń kà á. Wọ́n á kà á, wọ́n á ṣí i sí ojú ìwé tó kàn. Àlùfáà wá lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ò wá rárá, wọ́n ní ó ń ba àwọn lọ́kàn jẹ́ láti rí i bẹ́ẹ̀. Ọkàn tiwọn ni wọ́n ń tọ́jú!

Alhaja

Ní Ọjọ́bọ̀, Tọ́lá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan wọlé láìkanlẹ̀kùn. Alhaja Síkírá ni, ọmọ àwọn oníṣòwò Ìjẹmọ̀, tó ń ta búta àti abọ́ ike. Ìsọ̀ òun àti ti Dúpẹ́ kángun síra lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kí mi, ó kí Dúpẹ́ jù mí lọ, ó tẹ́ ìborùn sílẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ń rò fún un bí ọjà ti ń lọ, ta ló bá ta jà, ta ló bímọ. Dúpẹ́ ń dáhùn, ra-ra báyìí, ra-ra bọ́hùn-ún. Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín tí mi ò tíì rí láti ìgbà tí mo dé.

"Ra-ra," Dúpẹ́ wí.

"Omi? Ó ti dé." Alhaja bu omi fún un.

Ó rú mi lójú. "Alhaja, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé omi ló ní?"

"Òun ló sọ ọ́."

"Ra-ra ló sọ."

"Ẹ̀yin gbọ́ ra-ra, èmi gbọ́ omi." Ó nu ẹnu Dúpẹ́. "Ẹ fi ẹnu ẹ̀ sílẹ̀, Àǹtí. Ohùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbọ́."

Kò dùn mọ́ mi nínú pé onímọ̀le ni yóò wá máa túmọ̀ àbúrò mi fún mi. Mo nà ró, mo ní a ti ṣètò àdúrà fún un, ọjọ́ méje gbáko, lórí òkè.

"Ọjọ́ méje," ni Alhaja wí. "Kí lẹ máa bá Ọlọ́run sọ fún ọjọ́ méje?"

"Kó wò ó sàn."

"Ìyẹn ò gba ìṣẹ́jú kan. Òun náà ńkọ́, ẹ ti bi í pé kí lòun fẹ́ bá Ọlọ́run sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ 'àdúrà' yẹn gan-an, ọ̀dọ̀ wa lẹ ti yá a? Ẹ yá 'àlùfáà' mọ́ ọn. A ò ní kẹ́ ẹ dá a padà. Ẹ ṣáà má fi na àbúrò yín."

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè, láìní ìkà kankan nínú, pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn, kí lẹ ti ń sọ fún Ọlọ́run nípa ẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin ará mi, kò sí ohun kan níbẹ̀ tó lè jáde. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń sọ fún un pé mò ń gbàdúrà fún ọ, mi ò sì kúnlẹ̀ rí, èmi nìkan, kí n dárúkọ Dúpẹ́ níwájú Ọlọ́run. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ mọ̀ bá a ti ń ṣe é: "àti gbogbo àwọn tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn," àmín ńlá, ó tán, a bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìkórè. Mò ń fi àdúrà kí i bí wọ́n ṣe ń kíni kú iṣẹ́ ni. Irọ́ ni mò ń pa fún aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì ń fi orúkọ Ọlọ́run pa á. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí ara mi ju bó ti bí mi sí ẹnikẹ́ni lọ.

Dò, rè, mí

Ní Jímọ̀, mo gbé àpótí lọ sí iwájú Dúpẹ́, mo jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọgbọ̀n ọdún: dò sí ìsàlẹ̀, rè sí àárín, mí sókè. Àwọn ọmọ yín ló wà ní kíláàsì mi, mo sì fi ẹgba kọ́ àwọn mìíràn nínú wọn. Mo ní kí n lo etí tí ìjọba ń sanwó fún nígbà náà.

"Dúpẹ́, ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ sórí òkè?"

Ó mi orí. "Rárá." Mí-mí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ tòótọ́ nìyẹn.

"Ṣé o fẹ́ ká gbàdúrà?"

Ó yára fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n ti jẹ́ kó dúró pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀ Baba Wa, àdúrà tí ìyá wa fi kọ́ wa ká tó lọ sílé ìwé. Àdúrà inú ìwé ni àwa ẹlẹ́mìí gbígbóná ń pè é lónìí, a máa ń yínmú sí i. Dúpẹ́ tẹ̀ lé mi. Ra ra ra ni, ṣùgbọ́n níbi tí ohùn mi bá gbà gòkè, ibẹ̀ ni tirẹ̀ ń gbà. Níbi tó bá ti rẹlẹ̀, á rẹlẹ̀. Nígbà tó yá mo dákẹ́, mo jẹ́ kí òun nìkan máa lọ. Kò fo ọ̀rọ̀ kan títí dé òpin.

"Àmín," mo wí.

"Rà-rá," ó wí.

Mo gbé orí sókè. "Tún un sọ."

"Rà-rá."

Dò, mí. Àmín, dò-mí. Ẹ pè é wò lẹ́nu yín. Rárá ti bẹ́ẹ̀ kọ́, mí-mí ni. Ọmọ kíláàsì kẹta máa mọ ìyàtọ̀! Gbogbo ìgbà tí wọ́n dúró lé e lórí, tí wọ́n ń bú u, tí wọ́n ń da òróró sí i lójú, àmín ló ń ṣe. Ó ń ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n ń gbà lé e lórí, wọ́n sì ń pè é ní èṣù. Mo dìde, mo fi ọwọ́ gbá ògiri títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ní Abẹ́òkúta ni o, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde ní èdè wa, níbẹ̀ ni a ti di etí sí ohùn! "Ra-ra-ra" tó sọ lọ́jọ́ tí mo dé wá sí mi lọ́kàn. Dò-dò-mí. Àǹtí, bó ṣe ń pè mí láti kékeré. Mo sì ti ní kó má sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Sátidé

Wọ́n dé ní àárọ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀sì. Mo pàdé wọn ní ẹnu ọ̀nà, mo ní Dúpẹ́ ò lọ síbì kankan. Mo ṣàlàyé dò àti mí fún wọn lórí ìdúró. Tọ́lá dúró lẹ́yìn mi, báàgì ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tó máa gbà gbọ́.

Ìyá Àdúrà ṣe sùúrù títí mo fi sọ tèmi tán. "Mama, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Ogun ẹ̀mí ni."

"Ẹ ti bi í ní nǹkan kan rí?"

"A kì í bi ẹni tí wọ́n dè ní ìbéèrè. A máa ń tú u ni." Ó yà mí sílẹ̀, ó wọlé, ó dúró síwájú Dúpẹ́. "Ó dáa. Wọ́n ní o lè gbàdúrà. Gbà á ká gbọ́."

Ẹ ò rí ìwọ̀sí! Obìnrin tó ti ń gbàdúrà kí Ìyá Àdúrà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ ni yóò wá máa ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n Dúpẹ́ ò bínú. Ó di ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mò ń sọ ọ́ jáde fún wọn bí mo ti ń gbọ́ ọ. "Rè-rè, Baba ló ní. Rè-mí, ẹ ṣé ni. Dò-dò-mí, èmi nìyẹn, Àǹtí." Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta tó tẹ̀ lé Ìyá Àdúrà ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ náà wò. Mo ti ń rò pé a ti borí. Ni Dúpẹ́ bá sọ ọ́ ketekete, lẹ́ẹ̀mẹta:

"Rárá. Rárá. Rárá."

Ìyá Àdúrà pàtẹ́wọ́. "Mí-mí! Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, Mama! Ẹ fi ẹnu yín sọ pé mí-mí ni bẹ́ẹ̀ kọ́!"

Ó mú mi. Mí-mí ni lóòótọ́, etí mi ò tàn mí. Tọ́lá tún di báàgì mú, ó ti ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tún lé jáde. Mo wo Dúpẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Kò mi orí bó ti mì í fún mi ní Jímọ̀. Ojú rẹ̀ tutù, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì nà síwájú, sí apá ibi tí Tọ́lá wà.

"Tọ́lá, pe orúkọ ara rẹ."

"Mọ́mì Ìkọ̀lé?"

"Mo ní kí o pe orúkọ rẹ. Rọra pè é."

"Tọ́lá," ó wí.

Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni pé orúkọ ẹlòmíràn ni. "Tọ́... lá." Mí, mí. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ti ń rántí: àárọ̀ tó gbé oúnjẹ wọlé, ìrọ̀lẹ́ tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ìgbà tó bu omi ìwẹ̀ dání. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyá rẹ̀ ń pè é ni. Báàgì jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra kúnlẹ̀, ó fi orí lé itan ìyá rẹ̀.

"Mà," ó wí. "Mà. Mo ti gbọ́. Èmi nìyí. Mi ò mọ̀ pé èmi lẹ ń pè, mà."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Àdìgbẹ bú sẹ́kún. Ìyá Àdúrà ní àwọn á lọ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Ọlọ́run. Mo ní kí wọ́n má gbàgbé láti gbọ́ ohun tó bá fèsì. Wọ́n jáde, a sì gbọ́ nígbà tí bọ́ọ̀sì wọn lọ.

Dúpẹ́ ò lajú wò wọ́n. Kò tíì parí àdúrà rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ òsì lé orí ọmọ rẹ̀, ó sì ń bá a lọ, ó lọ sókè, ó lọ sílẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń bá ẹni tó mọ̀ dáadáa sọ̀rọ̀, tí kò sì bẹ̀rù pé ó máa sú u. Mo gbìyànjú láti tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan, méjì, mo gbọ́, ìyókù bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo yéé túmọ̀. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ máa ń bi mí nínú ẹgbẹ́ pé kí ni àdúrà wà fún. Mo ti dáhùn yín lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti fi ẹnu dídùn dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n tún un dáhùn. Àìsàn gba ọwọ́ Dúpẹ́, ó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba ìsọ̀ rẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Ó mú ẹyọ kan náà, ó ń fi bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Àdúrà nìkan ni àìsàn ò rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa onígbàgbọ́ la fẹ́ gbà á.

Nígbà tó parí, ó la ojú, ó wo èmi àti Tọ́lá, ó ń dúró. Kò sí ẹni tó ní ká pariwo. Mi ò mọ gbogbo ohun tó béèrè. A ṣe àmín.